Kòkòrò pọ̀ lóko, àmọ́ ẹ̀yà mélòó ni? Bí wọ́n ṣe ń ka kòkòrò, àti ohun tí à ń fi ilẹ̀ ṣe

Tẹ́ẹ bá sọ fún àgbẹ̀ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé àwọn onísáyẹ́ǹsì ní kòkòrò ń tán lọ láyé, ẹ̀rín ló máa fi yín rín. Kòkòrò wo ló ń tán? Ṣé tata tó jẹ ewé ẹ̀gẹ́ ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, àbí kòkòrò tó ń jẹ ọkàn àgbàdo látìgbà tó ti wọ Nàìjíríà ní 2016? Ẹni tó ń gbé Under G, àdúgbò kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, náà á ní kẹ́ ẹ wá sùn lọ́dọ̀ òun lálẹ́ ọjọ́ kan kẹ́ ẹ wá sọ fóun bóyá ẹ̀fọn ń tán. Òótọ́ làwọn èèyàn yìí ń sọ o. Òótọ́ sì làwọn onísáyẹ́ǹsì náà ń sọ. Ohun tó kàn ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé nǹkan tí kálukú ń kà yàtọ̀ síra, kò sì sẹ́ni tó ń sọ èyí tóun ń kà kó tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn.

Iye kòkòrò ọ̀tọ̀, iye ẹ̀yà kòkòrò ọ̀tọ̀. Tí ẹgbẹ̀rún tata bá bo oko ẹ̀gẹ́ kan, ẹ̀yà kan ṣoṣo la rí yẹn, kódà tí ojú ilẹ̀ ò bá hàn mọ́. Àwọn tó lè gun ara wọn kí wọ́n bímọ, kí ọmọ yẹn náà sì tún bímọ, àwọn là ń pè ní ẹ̀yà kan. Èèrà, ìjàlọ, tàǹpẹ́pẹ́, ìkamùdù, àwa náà mọ̀ pé wọn ò jọra bó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, àmọ́ "labalábá" tá a kàn ń pè bẹ́ẹ̀ yẹn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀yà ló wà nínú ẹ̀ ní Nàìjíríà nìkan, a kàn da gbogbo wọn pọ̀ ni. Kòkòrò táwọn onísáyẹ́ǹsì ti fún lórúkọ láyé tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Mélòó ló wà gan-an? Ní 1982 ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Terry Erwin fín oògùn sókè orí igi 19 ní Panama, ó ka àwọn tó já bọ́, ó ṣe ìṣirò, ló bá ní ó lè tó ọgbọ̀n mílíọ̀nù ẹ̀yà. Ariwo sọ. Lónìí, iye tí ọ̀pọ̀ gbà lé ni nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún àbọ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé a ò tíì mọ orúkọ ẹyọ kan nínú márùn-ún dáadáa.

Tóò, báwo ni wọ́n ṣe ń kà á?

Kò sẹ́ni tó lè ka gbogbo kòkòrò inú oko éékà kan. Wọ́n á mú díẹ̀, wọ́n á fi díẹ̀ yẹn mọ púpọ̀. Fún àwọn tó ń rìn nílẹ̀, wọ́n á gbẹ́ ihò kékeré, wọ́n á ri ike ìmumi mọ́lẹ̀ tí ẹnu ẹ̀ á bá ilẹ̀ dọ́gba, wọ́n á bu omi ọṣẹ díẹ̀ sí i. Èèrà, yímíyímí, ìrẹ̀, aáyán inú igbó, tí wọ́n bá ti ń kọjá wọ́n á já sí i. Ọṣẹ yẹn ṣe pàtàkì o, torí láìsí ọṣẹ àwọn tó fúyẹ́ á kàn dúró lórí omi, wọ́n á sì rìn jáde. Fún oyin àtàwọn agbọ́n kéékèèké, abọ́ aláwọ̀ ìyeyè tó lómi ọṣẹ nínú ni, wọ́n á rò pé òdòdó ni. Fún àfòpiná, iná àti aṣọ funfun lálẹ́. Fún àwọn tó sá pamọ́ sínú koríko, wọ́n á fi nẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ gbá koríko yẹn. Àgọ́ kan tún wà tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì ṣe, kòkòrò tó bá fò kọlù ú á máa gùnkè lọ títí á fi bọ́ sínú ìgò tó wà lókè, René Malaise ará Sweden ló ṣe é, orúkọ ẹ̀ náà ni wọ́n sì fi ń pè é. Ní ti labalábá, wọ́n kì í sábà mú un, èèyàn á kàn máa rìn lójú ọ̀nà kan náà lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀, á máa ka èyí tó bá rí lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n ti ń ṣe èyí káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1976.

Gbogbo pàkúté yìí ló ní ẹ̀tàn tiẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ẹ wo ike inú ilẹ̀ yẹn. Oko tí wọ́n ti fi oògùn koríko pa gbogbo koríko ẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ pátápátá ló mọ́ tónítóní, èèrà á máa sáré kiri láìsí ìdíwọ́, á já sínú ike dáadáa. Oko ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tó ní koríko àti ewé jíjẹrà, kòkòrò ibẹ̀ ń fà tìkọ̀tìkọ̀, díẹ̀ ló máa dé ẹnu ike. Tẹ́ẹ bá wá ka inú ike méjèèjì, oko tó mọ́ yẹn lè dà bí èyí tó ní kòkòrò jù! Ike ò purọ́, àmọ́ ìrìn ló ń kà pọ̀ mọ́ iye, ẹni tí ò bá mọ̀yẹn á kọ ọ́ síwèé pé oògùn koríko ń mú kí èèrà pọ̀.

Àsìkò tún ńkọ́? Lọ́dọ̀ wa níbí, tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, èsúnsún á tú jáde, àwọn ọmọdé á máa sáré tọ iná. Ẹni tó bá gbé pàkúté ẹ̀ sí oko kajú lọ́sẹ̀ yẹn, tó wá gbé ti oko àgbàdo lẹ́yìn oṣù kan, òjò ló ń wọ̀n, kì í ṣe oko. Kajú ń yọ òdòdó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oyin á pọ̀ níbẹ̀ nígbà yẹn, tó bá di oṣù kẹjọ ẹ lè má rí oyin mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń rin kinkin mọ́ ọn pé kí iye ike dọ́gba, kí ọjọ́ dọ́gba, kó sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan náà. Mo mọ̀ pé kò dùn ún gbọ́, ohun tó ń ya risáàṣì gidi sọ́tọ̀ nìyẹn sha.

Tí wọ́n bá ti kó wọn délé, iṣẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀ ló le jù. Ẹ fojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì LAUTECH tó jókòó ti maikirosikópù, tó ń ka irun ẹsẹ̀ èèrà. Èyí tí kò bá mọ orúkọ ẹ̀, á kàn pè é ní "èèrà kejì", "èèrà kẹta", bí ìrísí wọn bá ṣe yàtọ̀, ìyẹn náà gbà, torí orúkọ kọ́ la kọ́kọ́ nílò, ká ṣáà mọ̀ pé ọ̀tọ̀ lèyí ọ̀tọ̀ nìyẹn. Láti 2003 tí Paul Hebert àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Kánádà ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe lè fi apá kékeré kan lára DNA, àkọsílẹ̀ àbùdá tó wà nínú ara, dá ẹ̀yà mọ̀, iṣẹ́ yẹn ti yá díẹ̀, àmọ́ owó ẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ inú ìṣirò, ẹ má sá lọ, kò le.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kéèyàn ka ẹ̀yà tó rí: ogójì ẹ̀yà níbí, ọgbọ̀n lọ́hùn-ún, ó parí. Ìṣòro ẹ̀ ni pé bẹ́ẹ bá ṣe ń mú sí i ni ẹ̀ ń rí ẹ̀yà tuntun sí i. Ẹni tó ri ike mẹ́wàá mọ́lẹ̀ á rí ẹ̀yà tó ju ti ẹni tó ri méjì lọ, nínú oko kan náà. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ àwọn èèyàn lọ́kàn tipẹ́. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Corbet, lọ ń kó labalábá jọ ní Malaya. Ẹ̀yà 118 ló rí lẹ́ẹ̀kan péré, 74 ló rí lẹ́ẹ̀mejì, 44 lẹ́ẹ̀mẹta, 24 lẹ́ẹ̀mẹrin, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá gbé e tọ R. A. Fisher lọ, ọ̀gá nínú ìṣirò, pé tóun bá padà lọ lo irú àkókò kan náà, ẹ̀yà tuntun mélòó lòun máa rí? Ẹ rò ó wò ná. Wọ́n ní kéèyàn ka ohun tí kò tíì rí rí! Fisher ṣe é, ó ní nǹkan bí 75. Ní 1943 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, látìgbà náà sì ni wọ́n ti mọ̀ pé àwọn ẹ̀yà téèyàn rí lẹ́ẹ̀kan péré ló ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí kò tíì rí.

Èyí tó tún ya èmi lẹ́nu jù nínú gbogbo ẹ̀ ni pé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Alan Turing, ọkùnrin tó wà lára àwọn tó ń tú ọ̀rọ̀ àṣírí ológun Jámánì ní Bletchley, òun náà bá irú ìbéèrè yìí pàdé nínú lẹ́tà àṣírí. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, I. J. Good, ló wá kọ ọ́ jáde ní 1953. Ọgbọ́n wọn rọrùn débi pé ẹ lè ṣe é lórí ẹ̀yìn ìwé: ẹ ka iye ẹ̀yà tẹ́ẹ rí lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ fi iye gbogbo kòkòrò tẹ́ẹ mú pín in. Ká ní ẹ mú kòkòrò 200, tí ẹ̀yà 20 nínú wọn sì jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. 20 nínú 200, ìdá kan nínú mẹ́wàá nìyẹn. Kòkòrò tó bá tún máa já sínú ike yín, ó ṣeé ṣe nínú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan kó jẹ́ ẹ̀yà tẹ́ ò tíì rí. Iṣẹ́ yín ò tíì parí nìyẹn. Tó bá jẹ́ ẹ̀yà méjì péré lẹ rí lẹ́ẹ̀kan nínú 200, ẹ lè lọ sinmi.

Anne Chao, obìnrin onímọ̀ ìṣirò ní Taiwan, fi tiẹ̀ kún un ní 1984. Ẹ mú iye ẹ̀yà tẹ́ẹ rí lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi ara ẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, kẹ́ ẹ wá fi ìlọ́po méjì iye ẹ̀yà tẹ́ẹ rí lẹ́ẹ̀mejì pín in. Tẹ́ẹ bá rí ẹ̀yà 50 lápapọ̀, 20 lẹ́ẹ̀kan, 10 lẹ́ẹ̀mejì: 20 lọ́nà 20 jẹ́ 400, ẹ fi 20 pín in, ó jẹ́ 20. Ẹ fi kún 50. Ó kéré tán, ẹ̀yà 70 ló wà lóko yẹn. Tí wọ́n bá wá kọ ọ́ síbì kan pé oko A ní ẹ̀yà 50 oko B ní 45, tí wọn ò sọ bí àwọn ẹyọ kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó, èmi kì í tètè gbà á gbọ́.

Ó tún ku nǹkan kan tí kíka ẹ̀yà ò lè sọ fún yín. Ẹ gbà pé oko méjì wà, kòkòrò 100 ni wọ́n mú nínú ìkọ̀ọ̀kan, ẹ̀yà márùn-ún márùn-ún ni: tata, oyin, yímíyímí, ìrẹ̀, labalábá. Ní oko àkọ́kọ́, ogún ogún ni gbogbo wọn. Ní oko kejì, tata jẹ́ 92, àwọn mẹ́rin tó kù méjì méjì péré. Iye kòkòrò dọ́gba, iye ẹ̀yà dọ́gba, síbẹ̀ ẹni tó bá wọnú oko kejì yẹn, tata nìkan ló máa rí. Edward Simpson, tóun náà ṣiṣẹ́ ní Bletchley, sọ ohun tá a lè ṣe ní 1949: ẹ fa kòkòrò kan jáde láìwò, ẹ dá a padà, ẹ fa òmíràn, báwo ló ṣe rọrùn tó kí méjèèjì jẹ́ ẹ̀yà kan náà? Ní oko àkọ́kọ́, ìgbà kan nínú márùn-ún. Ní oko kejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbà 85 nínú 100. Tẹ́ẹ bá dorí ẹ̀ kodò, tẹ́ẹ fi í pín 1, oko àkọ́kọ́ á fún yín ní 5, oko kejì á fún yín ní 1.2. Ìyẹn ni pé oko kejì ń ṣe bí ibi tó ní ẹ̀yà kan àti díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé márùn-ún ló wà nínú ìwé.

Wọ́n tún máa ń lo ìwọ̀n Claude Shannon, tó ti ara iṣẹ́ ẹ̀ lórí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gba inú wáyà kọjá wá ní 1948, kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú kòkòrò níbẹ̀rẹ̀. Tiẹ̀ máa ń ka àwọn ẹ̀yà tó ṣọ̀wọ́n sí ju ti Simpson lọ. Nọ́ńbà tó ń mú jáde, bíi 2.3 tàbí 1.7, kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan fún èèyàn lásán, ìdí nìyẹn tí ọ̀gbẹ́ni Hill fi ní ní 1973 pé ẹ jẹ́ ká yí gbogbo wọn padà sí "ó dà bí ẹ̀yà mélòó", bí 5 àti 1.2 tá a ṣe lókè yẹn. Èmi fara mọ́ ọn. Tẹ́ẹ bá rí i pé wọ́n kọ ti Shannon sínú ìròyìn láìyí i padà, ẹ bi wọ́n pé ó jẹ́ bí ẹ̀yà mélòó.

Ìgbésẹ̀ kan tó kù, òun ni wọ́n sì máa ń gbàgbé jù. Robert Whittaker ló là á kalẹ̀ ní 1960 pé ẹ̀yà inú oko kan ọ̀tọ̀, ìyàtọ̀ láàárín oko kan àti òmíràn ọ̀tọ̀, àpapọ̀ gbogbo àgbègbè náà ọ̀tọ̀. Ká ní oko márùn-ún wà láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìkòyí-Ilé, tí gbogbo wọn jẹ́ kajú, ẹ̀yà ogójì ogójì ló wà nínú ìkọ̀ọ̀kan, àmọ́ ogójì kan náà ni. Àpapọ̀ ogójì. Ká wá ní ọ̀kan jẹ́ kajú, ọ̀kan àgbàdo pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, ọ̀kan àkùrọ̀, ọ̀kan ilẹ̀ tó ń sinmi, ọ̀kan igbó létí odò, ogójì ogójì náà ni, àmọ́ ogún ló pa gbogbo wọn pọ̀, ogún tó kù jẹ́ ti ìkọ̀ọ̀kan nìkan. Àpapọ̀ di 120. Bíi kéèyàn rin ọjà márùn-ún kó má bá nǹkan kan ju tòmátò àti ata lọ, ìsọ̀ kún, àmọ́ kò sí iṣu, kò sí ẹja, kò sí aṣọ. Ẹni tó bá wọ̀n oko kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò ní rí i pé nǹkan kan sọnù.

Ó yá, kí wá ni ohun tí à ń fi ilẹ̀ ṣe ń ṣe fún wọn?

Ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ fúnra ẹ̀, ọ̀dàn tí iná àti oko dá sílẹ̀ ni, torí náà kò sí pé à ń fi í wé igbó kìjikìji kan tí wọ́n ò fọwọ́ kàn rí. Igi ẹ̀mí àti igi igbá tó dúró káàkiri inú oko, àwọn baba wa ló mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣán oko. Nígbà tí ilẹ̀ ṣì pọ̀, wọ́n á dá a fún ọdún díẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó sinmi, nítorí náà ilẹ̀ oríṣiríṣi ọjọ́ orí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àpapọ̀ ẹ̀yà á ga. Ìsinmi yẹn ti kúrú, níbòmíì kò sí rárá mọ́, oògùn koríko ló rọ́pò ọkọ́.

Ẹ wo tata lẹ́ẹ̀kan sí i, torí òun ló yé mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Koríko kan wà tí wọ́n ń pè ní ewé Akíntọ́lá (àwọn kan ní ewé Awólọ́wọ̀ ni, ẹ má jẹ́ ká tìtorí ẹ̀ jà, àmọ́ ẹ mọ ìlú tá a wà). Apá Amẹ́ríkà ló ti wá, kì í ṣe koríko wa. Ibi tí wọ́n bá ti ṣí ilẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n gé igi tàbí tí wọ́n dá oko tí wọ́n sì fi sílẹ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ gbà á. Tata fẹ́ràn òdòdó ẹ̀ gan-an, torí oró kan wà nínú òdòdó yẹn tí tata ń kó sára, tó sì ń kó sínú ẹyin ẹ̀, àwọn ohun tí ì bá jẹ ẹyin náà kì í fẹ́ fẹnu kàn án. Tata bá ń pọ̀ sí i, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko gbẹ wọ́n á ya wọ oko ẹ̀gẹ́. Iye kòkòrò lọ sókè, nọ́ńbà Simpson tá a dorí ẹ̀ kodò lókè yẹn lọ sílẹ̀. Àgbẹ̀ tó rẹ́rìn-ín lókè yẹn àti onísáyẹ́ǹsì, ohun kan náà ni wọ́n ń wò.

Òdìkejì ẹ̀ ni kanni, kòkòrò onírun tó ń jẹ ewé ẹ̀mí, èyí tí wọ́n ń bọ̀, tí wọ́n ń sá gbẹ, tí wọ́n sì ń tà lọ́jà fún ọbẹ̀. Tata ń jẹ ohun tó bá rí, kanni ò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí ni. Ẹ̀mí sì wà lára igi tí wọ́n ń gé jó èédú. Tí wọ́n bá gé ẹ̀mí tán lágbègbè kan, kanni ò ní kó lọ sórí kajú. Bí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ṣe ń lọ nìyẹn, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fín oògùn sí wọn lára, oúnjẹ wọn tàbí ibi tí wọ́n ń yé ẹyin sí ló lọ. Oyin tó ń gbẹ́lẹ̀ ṣe ilé, tírákítọ̀ á tú ilé ẹ̀. Yímíyímí nílò ìgbẹ́ ẹran. Agbọ́n kékeré tó ń yé ẹyin sínú kòkòrò àgbàdo nílò òdòdó koríko láti mu oje ẹ̀, a sì ti fi oògùn pa koríko, a wá ń sunkún pé kòkòrò ń jẹ àgbàdo.

Ibi tó máa ń da èèyàn rú rèé o: oko kékeré tó ní oríṣiríṣi irè, tó sún mọ́ igbó, ó lè ní ẹ̀yà tó ju inú igbó yẹn gan-an lọ. Òótọ́ ni. Àwọn ti igbó ń yọjú síbẹ̀, àwọn ti gbangba náà ń gbé ibẹ̀. Ẹnì kan lè wá fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí pé ká ṣán gbogbo igbó. Àmọ́ àwọn tó pọ̀ sí i níbẹ̀ jẹ́ àwọn tẹ́ẹ lè rí níbi gbogbo láti Ọ̀yọ́ dé Ìlọrin, àwọn tó dín kù jẹ́ àwọn tí igbó nìkan lè gbà. Tí igbó bá lọ, àwọn tó ń yọjú yẹn náà á dáwọ́ dúró.

Ẹ ò sì lè fi ìran kòkòrò kan dá ẹjọ́ fún ìyókù. Ní 1998 àwọn John Lawton tẹ ìwé jáde lórí igbó Mbalmayo ní Cameroon, tí kò jìnnà sí wa, wọ́n ka ẹyẹ, labalábá, èèrà, ikán, títí dé aràn inú ilẹ̀, láti igbó tó dì dé ibi tí wọ́n ti ṣán pátá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣeé fi mọ bí àwọn tó kù ṣe ń ṣe. Torí náà tẹ́ẹ bá gbọ́ pé "a ka labalábá, kò séwu," ẹ béèrè ikán. Ẹ má rẹ́rìn-ín ikán o, mo mọ̀ pé ó ti jẹ ilẹ̀kùn yín. Ní ilẹ̀ gbígbẹ kan ní Australia, wọ́n gbin wíìtì sí ibi tí èèrà àti ikán wà àti ibi tí wọ́n ti fi oògùn lé wọn, ibi tí wọ́n wà so ju èkejì lọ ní ìdá 36 nínú 100, torí ihò tí wọ́n gbẹ́ ló jẹ́ kí omi òjò wọlẹ̀. 2011 ni wọ́n tẹ̀yẹn jáde.

Ní ti gbogbo ayé, àwọn tó wà lẹ́yìn Tim Newbold ní yunifásítì kan ní London kó àkójọ káàkiri pọ̀, ní 2022 wọ́n ní ibi tí ọ̀gbìn ti le tí ooru sì ti pọ̀ sí i, iye kòkòrò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì dín sí ti ibi tí wọn ò fọwọ́ kàn púpọ̀, iye ẹ̀yà fi ìdá 27 nínú 100 dín. Ẹ rí i pé nọ́ńbà méjèèjì ò dọ́gba, ìwọ̀n méjì ni. Èyí tó kàn wá jù nínú ẹ̀: níbi tí ọ̀gbìn ò ti le, tí ooru sì ti pọ̀ sí i, bí igbó àdáyébá bá gba ìdá 75 nínú 100 ilẹ̀ àyíká, iye kòkòrò fi ìdá 7 péré dín, bó bá jẹ́ ìdá 25 ni igbó tó kù, ó fi 63 dín. Oko kan náà, ohun tó yí i ká ló yàtọ̀.

Ẹ tún lè ti gbọ́ ti Jámánì, ìdá 76 nínú 100 tó lọ láàárín ọdún 27, tó gba gbogbo ayé kan ní 2017. Ìwúwo kòkòrò tó ń fò ni wọ́n wọ̀n níbẹ̀, lórí òṣùwọ̀n, kì í ṣe iye ẹ̀yà, ibi 63 tí ìjọba ń dáàbò bò sì ni. Nígbà tí àwọn míì wá kó risáàṣì púpọ̀ pọ̀ ní 2020, wọ́n rí i pé ti orí ilẹ̀ ń fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 dín ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, àmọ́ ti inú odò ń fi nǹkan bí 11 pọ̀ sí i. Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ jù lọ àkọsílẹ̀ yẹn ti wá, ti ilẹ̀ Áfíríkà ò tó nǹkan, ẹni tó bá ní òun ń fi nọ́ńbà Jámánì sọ̀rọ̀ nípa Ògbómọ̀ṣọ́, àsọdùn ló ń sọ.

Tẹ́ẹ bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀ fúnra yín, kò wọ́n. Ike mẹ́wàá sí oko yín, mẹ́wàá sí ilẹ̀ tó ń sinmi nítòsí, ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kan náà, ẹ bu omi ọṣẹ sí i, ẹ fi páànù tàbí pákó kékeré ṣe òrùlé lé e lórí tí òjò bá ń rọ̀. Ẹ jẹ́ kó jìnnà síra díẹ̀, bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ẹ kọ irú koríko tó wà láyìíká ike kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ìrìn tá a sọ lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ẹ bá kó wọn, ẹ pín wọn bí ìrísí wọn ṣe rí, ẹ ka àwọn tó jẹ́ ẹyọ kan, ẹ ka àwọn tó jẹ́ méjì, ẹ ṣe ti Chao. Ẹ tọ́jú wọn sínú spirit, kẹ́ ẹ kọ déètì àti ibi tẹ́ẹ ti mú wọn sórí bébà kékeré, kẹ́ ẹ ju bébà yẹn sínú ìgò pẹ̀lú wọn. Pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ lò o, báírò máa ń ṣí kúrò nínú spirit.